Ó gba ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún, thesis kò sì parí

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún 34 ni mí, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ilé ìfowópamọ́ kan n'Íbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ń ṣe máástà lórí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti parí gbogbo kọ́ọ̀sì, thesis nìkan ló kù. Iṣẹ́ mi dá lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ láìfi àmì sí. Mo kó gbólóhùn bíi 40,000 jọ láti inú Bíbélì àti orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo gbìyànjú módẹ́ẹ̀lì mẹ́fà (ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ iṣẹ́ láti inú àpẹẹrẹ), èyí tó dára jù sì gba 96%. Alábòójútó mi wò ó, ó ní "kò tíì tó", kò sọ ohun tó kù. Láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn kò fèsì sí ímeèlì mi mọ́. Ìyàwó mi ní kí n fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n ṣe kí iṣẹ́ yìí lè parí?

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, mo kí ọ, mo sì kí ìyàwó rẹ. Bá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wa ní oṣù mẹ́rin sí i, kó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ kó lè fi bi mí.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó dé láti báńkì lálẹ́ tó tún jókòó ti módẹ́ẹ̀lì mẹ́fà kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ kò kéré lọ́wọ́ rẹ, ó pọ̀ jù ni. Ohun tí mo wá nínú lẹ́tà náà tí n kò rí ni ìbéèrè kan ṣoṣo tí gbogbo làálàá yìí ń dáhùn. "Bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa dá àmì padà" kì í ṣe ìbéèrè, orúkọ pápá ni. Ẹni tó wọ mọ́tò ní Ìwó Road tó ní Èkó lòun ń lọ, kọ̀ńdọ́kítọ̀ á bi í pé Èkó ibo: Bẹ́gà ni, Ọjọ́ta ni, àbí Òṣòdì? Mo fura pé ohun tí alábòójútó rẹ ń pè ní "kò tíì tó" nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kó la ẹnu sọ ọ́. A óò padà síbẹ̀. Ìdá 96 yẹn ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí òun ni olùdánwò láti ìta máa kọ́kọ́ gbá mú.

Ìdá 96 kí ni? Lẹ́tà ni o kà, àbí ọ̀rọ̀? Ká mú gbólóhùn kékeré kan tí ẹnì kan tẹ̀ lórí fóònù: "Mo ra igba ni oja." Ohun tó ní lọ́kàn ni "Mo ra igbá ní ọjà." Ka àwọn lẹ́tà rẹ̀, mẹ́tàlá ni wọ́n. Mẹ́rin péré nínú wọn ló ń fẹ́ àmì: a tó kẹ́yìn igbá, i inú ní, àti o pẹ̀lú a inú ọjà. Ìyẹn ni pé bí o bá káwọ́ gbera, tí o kò fọwọ́ kan ohunkóhun, mẹ́sàn-án nínú mẹ́tàlá ti tọ̀nà fún ọ. Ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún, lórí ìjókòó!

Wá gbọ́n díẹ̀ sí i. Kọ kóòdù bí ìlà ogún tó ń wo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú dátà rẹ, tó ń ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ jù lọ, tó sì ń fi ìyẹn dípò rẹ̀ níbi gbogbo. "Oja" á di "ọjà". Ká ní "ní" ló pọ̀ ju "ni" lọ nínú dátà rẹ, "ni" á di "ní". "Igba" á di "ìgbà", nítorí ìgbà pọ̀ nínú ìwé ju igbá lọ dáadáa. Lẹ́tà mọ́kànlá nínú mẹ́tàlá ti tọ̀nà báyìí, ìdá 85, láìsí neural network (irú módẹ́ẹ̀lì ńlá tó ń fara wé ọpọlọ), láìsí GPU (ẹ̀rọ ìṣírò alágbára tí a fi ń kọ́ ọ), láìtan jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n ka ohun tó kọ: "Mo ra ìgbà ní ọjà." Oníbàárà wa re ọjà, ó ra àkókò bọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ló tọ̀nà, ọ̀rọ̀ karùn-ún tó bàjẹ́ yìí sì ni gbogbo gbólóhùn náà dá lé lórí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn wọ́n pè mí láti wá dán akẹ́kọ̀ọ́ kan wò, n kò ní dárúkọ ibẹ̀. Irú iṣẹ́ tìrẹ yìí ni. Ó gbé ìdá 97 wá, pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ mèremère. Mo ní, "Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, èló ni màá gbà?" Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Kò ṣe é rí, alábòójútó rẹ̀ náà kò bi í rí. A dá a padà, oṣù mẹ́fà ló fi ṣe ohun tó yẹ kó ti fi ọjọ́ kan ṣe. Ó dùn mí fún un, ṣùgbọ́n n kò lè buwọ́ lu ìwé tó ń sọ fún mi pé nǹkan ga láìsọ ilẹ̀ tó ti ń wọ̀n ọ́n.

Nítorí náà, kí o tó kọ ìlà kan mọ́, ṣe àwọn baseline (ìwọ̀n ìpìlẹ̀ tí a fi ń wọn módẹ́ẹ̀lì) méjì yẹn: èyí tí kò ṣe nǹkan kan, àti èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù dípò. Ṣírò gbogbo rẹ̀ ní ti ọ̀rọ̀, kì í ṣe ní ti lẹ́tà nìkan. Lẹ́yìn náà, yọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ní ju ìrísí kan lọ sọ́tọ̀: igba, tó lè jẹ́ igba, igbá, ìgbà, ìgbá tàbí igbà, oko, tó lè jẹ́ oko, ọkọ, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀, owo, tó lè jẹ́ owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀ tàbí ọ̀wọ́. Àwọn ni ìdánwò gidi, ìyókù jẹ́ àkọ́sórí. Bí ìdá 96 rẹ bá já wálẹ̀ sí 70 lórí wọn, má fòyà. Inú mi á dùn, nítorí ibẹ̀ ni o ti ní nǹkan tí o lè sọ. Wàá tún rí i pé àwọn kan wà tí ọmọ Yorùbá gan-an kò lè mọ̀: ẹni tó ra "igba" lọ́jà yẹn lè jẹ́ pé ìgbá tí à ń jẹ ló rà, gbólóhùn nìkan kò lè sọ fún ọ, àfi kí o mọ ohun tó wà ṣáájú rẹ̀. Mú irú rẹ̀ bí ọgọ́rùn-ún, jókòó tì wọ́n, fi ojú ara rẹ kà wọ́n, kọ ìdí tí módẹ́ẹ̀lì fi kùnà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ìwé mẹ́rin tí yóò ti ibẹ̀ jáde á níye lórí ju módẹ́ẹ̀lì keje lọ.

Ohun kan wà tó kéré lójú tó ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́, ìyẹn ni bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú lẹ́tà bí ọ́. Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà kọ ọ́ ní Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà nínú kọ̀ǹpútà. O lè mú o lásán, kí o fi ẹ̀ẹ́kán sí ìdí rẹ̀, kí o tún fi àmì òkè lé e lórí. O lè mú ọ tó ti bá ẹ̀ẹ́kán wá, U+1ECD, kí o fi àmì òkè U+0301 lé e. O sì lè mú ó tó ti bá àmì òkè wá, U+00F3, kí o fi ẹ̀ẹ́kán U+0323 sí i nídìí. Lójú tèmi tìrẹ, ọ̀kan náà ni. Lójú Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí Bíbélì rẹ bá lo ọ̀nà kan, tí ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì lo òmíràn, módẹ́ẹ̀lì lè kọ ọ̀rọ̀ dáadáa kí ètò tó ń máàkì ní ó kùnà. Ó tún lè jẹ́ pé ibi tí gbólóhùn ti wá ni módẹ́ẹ̀lì kọ́ láti dá mọ̀, kò kọ́ Yorùbá rárá. Normalize gbogbo rẹ̀ sí NFC (ìlànà Unicode tó ń sọ ọ̀nà ìkọ̀wé wọ̀nyí di ọ̀kan), ìlà kóòdù kan ni.

Ṣùgbọ́n NFC kò lè dé ibi gbogbo. Àwọn kan ń fi ìlà kékeré U+0329 sí ìdí lẹ́tà dípò ẹ̀ẹ́kán. Bó bá kéré lójú fóònù, o kò ní rí ìyàtọ̀ rárá, NFC kò sì ní pa wọ́n pọ̀. Ìwọ ni kí o fi ọwọ́ ara rẹ pààrọ̀ rẹ̀. Mọ èyí pẹ̀lú: lẹ́yìn NFC, ó jẹ́ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ọ́ ṣì jẹ́ ẹyọ méjì, torí Unicode kò fún un ní nọ́ḿbà tirẹ̀. Bí o bá fi len(), àṣẹ Python tó ń ka iye ẹyọ, ka lẹ́tà, ọ́ ń jẹ ìpín méjì níbi tí ó ti ń jẹ ọ̀kan, ìdá 96 rẹ á sì yí padà láìjẹ́ pé módẹ́ẹ̀lì yí padà. Tí ó bá sì jẹ́ pé BERT elédè púpọ̀ (módẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ èdè kọ́ ṣáájú) wà nínú àwọn mẹ́fà rẹ, lọ wò ó bóyá èyí tí wọ́n pè ní uncased lo lò. Uncased kì í sọ lẹ́tà ńlá di kékeré nìkan, ó ń gé àmì dànù. Oko, ọkọ àti ọkọ̀ di ọ̀kan náà kí módẹ́ẹ̀lì tó rí wọn. Mo ti rí ẹni tó fi oṣù méjì bá a jà kó tó mọ̀.

Wàyí o, dátà rẹ. Bíbélì wo ni o lò? Bí ó bá jẹ́ Bíbélì Mímọ́ àtijọ́, àkọtọ́ rẹ̀ kì í ṣe tòde òní: nwọn, enia, aiye, ẹiyẹ ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, àwọn tí àkọtọ́ 1974 sọ di wọn, ènìyàn, ayé, ẹyẹ. Kò sì fi àmì ohùn sí gbogbo ibi tó yẹ. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ìwé ìdáhùn tí o fi ń máàkì módẹ́ẹ̀lì rẹ fúnra rẹ̀ kò pé. Módẹ́ẹ̀lì á kọ ọ̀rọ̀ tó tọ́, ìwọ á sì fún un ní òdo.

Èyí tó burú jù ni bí o ṣe pín in. Mo lè fi owó lélẹ̀ pé o da gbólóhùn 40,000 náà pọ̀, o rú wọn bí káàdì, o mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún ìdánwò. Ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣí Orin Dáfídì 14, kí o ṣí 53 tì í: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orin kan náà. Ṣí Àwọn Ọba Kejì orí 19 àti Àìsáyà orí 37. Mátíù, Máàkù àti Lúùkù ń sọ ìtàn kan náà, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Tí o bá rú wọn pọ̀, ẹsẹ kan á bọ́ sọ́dọ̀ ìkọ́ni, ìbejì rẹ̀ á bọ́ sọ́dọ̀ ìdánwò. Ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì náà kò yàtọ̀, ojúlé kan á kọ ọ́, márùn-ún á dà á kọ. Nígbà WAEC, "expo" ni a ń pe irú èyí. Ọmọ tó rí ìbéèrè lálẹ́ àná kò mọ̀wé ju bó ṣe wà lọ, máàkì rẹ̀ ló ga.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Pín dátà ní ìwé-ìwé àti ojúlé-ojúlé, má pín in ní gbólóhùn-gbólóhùn. Fi àwọn ìwé Bíbélì kan kọ́ módẹ́ẹ̀lì, fi òmíràn dán an wò, kí o sì rí i dájú pé àwọn ìbejì wà níhà kan náà. Yọ gbólóhùn tó jọra. Lẹ́yìn ìyẹn, wá ibòmíràn pátápátá fún ìdánwò kejì. MENYO-20k wà nílẹ̀ láti 2021, gbólóhùn 20,100 ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, látinú ìròyìn, àsọyé àti àwọn nǹkan mìíràn, àwọn tó ṣe é sì ka ọ̀rọ̀ àmì sí pàtàkì. Ka àdéhùn ìlò rẹ̀ kí o tó lò ó. Nípa àdéhùn: bí o bá fa nǹkan láti inú JW300 (àkójọ gbólóhùn látinú ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà), tí gbogbo wa ń lò tẹ́lẹ̀ láti 2019, mọ̀ pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lórí OPUS, ojúlé tí wọ́n ń kó irú dátà bẹ́ẹ̀ sí, nítorí ẹ̀tọ́ oní-ǹkan. Orísun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀ nínú orí kẹta: ibi tó ti wá, ọjọ́ tí o mú un, iye gbólóhùn, àṣẹ tí o fi lò ó.

Ní báyìí, a lè padà sọ́dọ̀ kọ̀ńdọ́kítọ̀. Èkó ibo? Ìbéèrè kan wà nínú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ tí o kò rí nítorí o sún mọ́ ọn jù: módẹ́ẹ̀lì tí a fi Bíbélì kọ́, báwo ló ṣe ń ṣe sí nígbà tó bá dé inú ìròyìn, irú ọ̀rọ̀ wo ló sì ń ṣì jù níbẹ̀? Yorùbá tó ní àmì kò pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé ẹ̀sìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà àti ìròyìn ni àwọn èèyàn fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá wọn fi àmì sí. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe kíbọọ̀dù Yorùbá lọ́la á fẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀. Dátà rẹ tó láti dáhùn rẹ̀, kóòdù rẹ tó, o kò ní kọ́ ohun tuntun kankan. Bí ìdáhùn bá sì jẹ́ pé módẹ́ẹ̀lì náà já kulẹ̀ pátápátá nínú ìròyìn, o ṣì lè fi gba máástà. Máástà ń fẹ́ ìbéèrè kan tí a dáhùn dáadáa. Ẹ̀rọ tó ṣẹ́gun ayé kò sí nínú àdéhùn.

Ìbéèrè yìí á tún orí kejì rẹ ṣe. Kì í ṣe ìwọ lẹni àkọ́kọ́ ní oko yìí. De Pauw àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kún iṣẹ́ wọn lórí dídá àmì padà ní 2007. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀ gbé tiwọn jáde ní 2017. Iroro Orife lo neural network fún un ní 2018, òun àti àwọn mìíràn sì tún un ṣe ní 2020. Má kọ wọ́n bíi "lágbájá ṣe báyìí, tàmẹ̀dò ṣe báyìí" títí ojú ìwé 40. Bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè ohun kan: dátà wo ni wọ́n fi kọ́ ọ, dátà wo ni wọ́n fi dán an wò, lẹ́tà ni wọ́n kà àbí ọ̀rọ̀? Fi ìdáhùn wọn sínú tábìlì. Orí kejì rẹ ti tó ìdajì nìyẹn.

Módẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ńkọ́? Mú méjì, fi mẹ́rin sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa dùn ọ́. Mú èyí tó rọrùn jù àti èyí tó dára jù, fi baseline méjèèjì tì wọ́n, ó tó. Tí o bá lo èyí tí wọ́n ti kọ́ ṣáájú, mọ ohun tó jẹ lóúnjẹ: Yorùbá kò sí nínú èdè 100 tí módẹ́ẹ̀lì XLM-R kọ́, àmọ́ ó wà nínú módẹ́ẹ̀lì AfriBERTa tó jáde ní 2021, tó jẹ́ pé èdè Áfíríkà 11 ni wọ́n fi kọ́ ọ pẹ̀lú dátà tí kò tó gígábáìtì kan. Ìyàtọ̀ méjèèjì nìkan lè ṣàlàyé ohun tó ń ṣe ọ́ ní kàyéfì. Kí o sì dẹ́kun lílọ wo ohun tó jáde lọ́sẹ̀ yìí. Módẹ́ẹ̀lì tuntun kò ní dẹ́kun jíjáde títí o fi máa fẹ̀yìn tì ní báńkì.

Sáré ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, pẹ̀lú seed (nọ́ḿbà tó ń pinnu bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣa nǹkan bí ẹni ta ayò) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ká ní àkọ́kọ́ gba 91.2, èkejì 90.5, ẹ̀kẹta 91.4, tí módẹ́ẹ̀lì kejì sì wà láàárín 90.8 sí 91.3. Kò sí èyí tó borí níbẹ̀, o kò sì gbọdọ̀ kọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Kọ ìpíndọ́gba, kọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra. Ní ti GPU, ohun ọ̀fẹ́ tó wà lórí ojúlé Kaggle àti Colab tó fún iṣẹ́ tí kò tóbi ju èyí lọ, ṣùgbọ́n Colab lè já ọ jù sílẹ̀ nígbàkigbà, kì í sì í kọjá wákàtí 12 lẹ́ẹ̀kan lórí ọ̀fẹ́. Jẹ́ kí kóòdù rẹ máa tọ́jú ibi tó dé sí Drive ní wákàtí-wákàtí, kí ó lè tẹ̀síwájú láti ibẹ̀. Iná lè lọ ní ilé rẹ, sáfà wọn kò mọ̀.

Tọ́jú thesis náà bákan náà. Nígbà tí èmi ń ṣe tèmi, díìskì láptọ́ọ̀pù mi kú lọ́sàn-án gangan, orí kẹta àti ìdajì orí kẹrin bá a lọ. Fúláàṣì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ti kún fún fáírọ́ọ̀sì láti ilé ìtẹ̀wé. N kò jẹun lọ́jọ́ náà. Fi kóòdù àti ìwé sínú Git (ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà), sí ibi ìkọ̀kọ̀ lórí ojúlé GitHub, máa tì í lọ ní alaalẹ́ kí o tó sùn.

Ní ti alábòójútó rẹ, má kọ ímeèlì mọ́. Èèyàn tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ á rí ímeèlì tó ní fáìlì ojú ìwé 90, á ní òun á kà á ní òpin ọ̀sẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ náà kì í sì í dé. Mo mọ̀, nítorí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn ọmọ èèyàn rí. Bi akọ̀wé ẹ̀ka léèrè ọjọ́ tó ń ní lẹ́kíṣọ̀, gba àyè níbi iṣẹ́, lọ dúró dè é. Kí i dáadáa, bi í nípa ilé, má fi ẹ̀sùn oṣù mẹ́rin bẹ̀rẹ̀. Bébà kan ṣoṣo ni kí o gbé lọ́wọ́: ìbéèrè rẹ ní gbólóhùn kan lókè, tábìlì baseline àti módẹ́ẹ̀lì méjì lábẹ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tí orí kọ̀ọ̀kan máa dé ọwọ́ rẹ̀. Kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí mo bá dáhùn ìbéèrè yìí báyìí, ṣé ó tó?" Ìbéèrè tó ṣeé dáhùn ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìyẹn, á dáhùn rẹ̀ lórí ìdúró. Nígbà tí o bá délé, kọ ohun tí ẹ jọ sọ ránṣẹ́ sí i ní ìlà mẹ́ta. Tí o bá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí o kò rí i, lọ bá ẹni tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ máástà ní ẹ̀ka yín, kí o bèèrè fún alábòójútó kejì tí yóò ràn án lọ́wọ́. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé kí ó ràn án lọ́wọ́. Níbi tí o bá ti dé ibẹ̀, yà ní Postgraduate School, bèèrè iye ọdún tó kù kí ìforúkọsílẹ̀ rẹ tó tán, má gba ti ẹnu àwọn ọ̀rẹ́.

Kíkọ rẹ̀ ńkọ́? Orí kẹrin ni kí o kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta, torí o mọ ohun tí o ṣe. Orí kìíní gbẹ̀yìn, àkótán ojú ìwé àkọ́kọ́ gbẹ̀yìn pátápátá. Òṣìṣẹ́ báńkì kì í ní àkókò lálẹ́, mo mọ ohun tí òpin oṣù ń fi ojú yín rí. Aago márùn-ún sí mẹ́fà ààbọ̀ ìdájí, kí fóònù tó bẹ̀rẹ̀ sí dún, àti àárọ̀ Sátidé, ìyẹn á fún ọ ní bíi wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún fífọ dátà àti pípín in, méjì fún sísáré módẹ́ẹ̀lì, méje fún kíkọ, ìyókù fún àtúnṣe tí alábòójútó máa ní kí o ṣe. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ mọ wákàtí wo ni ti thesis, kó sì mọ wákàtí wo ni tirẹ̀.

Tí o bá ń lo LaTeX (ètò tí a fi ń to ìwé), lo XeLaTeX tàbí LuaLaTeX pẹ̀lú fọ́ńtì tó mọ Yorùbá, bíi Charis SIL. Lórí pdfLaTeX, ọ́ àti ẹ̀ á fún ọ ní ẹ̀fọ́rí. Tí Word ni, má ṣe gbé fáìlì Word lọ sí ilé ìtẹ̀wé ẹ̀gbẹ́ yunifásítì láé. Fọ́ńtì rẹ lè má sí lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, àmì ohùn á ṣí kúrò lórí lẹ́tà, á lọ jókòó sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Thesis lórí àmì ohùn, tí àmì ohùn rẹ̀ ṣáko! Sọ ọ́ di PDF nílé, ṣí i lórí fóònù ẹlòmíràn, wo ọ́, ẹ̀, ṣ àti ǹ dáadáa, kí o tó sanwó.

Bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé yìí pẹ̀lú baseline méjèèjì, kò ní kọjá ọ̀sán. Fi tábìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, yálà ó ga tàbí ó rẹlẹ̀, kí o sì fi gbólóhùn wa kún un. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá igbá ni kọ̀ǹpútà rẹ rà lọ́jà, àbí ìgbà.